Ẹja Ìkómọ Ní Oṣù Èèwọ̀

Bí ẹ bá béèrè Ládélé ní Emùré, ní àwọn ọdún tí Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìpínlẹ̀, wọ́n á bi yín pé Ládélé wo, ṣé Ládélé apẹja ni tàbí Ládélé ọlọ́pàá ẹja? Ẹnì kan náà ni. Láti kékeré ló ti ń dẹ ìgèrè sí odò Ògbèsè bí bàbá rẹ̀ ti ṣe, kí àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba kan tó ti Adó dé, tí wọ́n fún un ní fèrè àti bàtà rọ́bà tó tóbi jù ú lọ, tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ odò.

Òfin tí wọ́n mú wá kò le láti yéni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da Gamalíìnì, oògùn kòkó, sódò mọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa ẹja àrọ̀ láti ìgbà tí òjò bá ti ń kún odò títí wọ́n á fi jẹ iṣu tuntun, torí ìgbà náà ni àrọ̀ ń wá yé ẹyin sí etí omi. Ládélé fara mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kan da oògùn kòkó sódò, tí ẹja ńlá, ẹja wẹ́wẹ́ àti àkàn jọ léfòó, tí Ògbèsè sì dá wáí. Ó sunkún lọ́jọ́ náà, kò sì tijú.

Ohun tí àwọn ará Adó kò mọ̀ ni àṣà agboolé Ládélé. Nílé wọn, wọn kì í sọ ọmọ lórúkọ láìsí àrọ̀ láàyè nínú àwo omi, bàbá àgbà ọmọ náà ló sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un lódò. Wọ́n á fi orí ẹja kan iwájú orí ọmọ, wọ́n á ní orí ni ẹja fi ń la ibú já, kí orí ọmọ yìí náà lànà fún un. Ọmọ tí wọn kò bá ṣe é fún, wọ́n á ní ìkómọ rẹ̀ kù díẹ̀.

Lọ́dún tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, ìyàwó ọmọ Akínwùmí bímọ láàárín òjò. Akínwùmí àti Ládélé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni bàbá wọn. Ládélé bá a létí odò ní kùtùkùtù, àrọ̀ tó kún fún ẹyin wà nínú ìgèrè rẹ̀.

"Ládélé, wọ́n bí ọkùnrin fún mi. O mọ bí ulé wa ṣe ń ṣe é."

"Mo mọ̀ ọ́n. Dá a padà."

Akínwùmí wò ó títí, ó sì da ẹja náà sódò. Kò bú u. Wọ́n fi oyin, iyọ̀ àti obì sọ ọmọ náà lórúkọ, kò sí ẹja nínú àwo omi. Látọjọ́ náà, o kú gbẹrẹfu ni Akínwùmí ń kí Ládélé.

Ohun tó bá ojú ló bá imú. Kí oṣù tó yí, Mojírádé, ọmọ kan ṣoṣo tí Ládélé bí, ti Èkó wálé pẹ̀lú oyún. Ó pẹ́ tó ti ń wá ọmọ. Wọ́n ní kó bímọ sí Èkó, ó kọ̀, ó ní Emùré ni, kí bàbá òun lè mú ẹja ìkómọ ọmọ náà. Ó bí obìnrin, òjò sì ń rọ̀ lóde.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìkómọ, Ládélé lọ sódò. Àrọ̀ pọ̀ létí omi débi pé ọwọ́ lásán tó mú un. Kò sì sí ẹ̀ṣọ́ mìíràn tó máa fọn fèrè lé e lórí. Ó tẹ̀ ba, ó ti ọwọ́ bọmi, ẹja kan sì gba àárín ìka rẹ̀ kọjá, ikùn rẹ̀ rọ̀, ó kún. Ọkàn Ládélé fà sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n ojú Akínwùmí ló ń rí, bó ti ń da tirẹ̀ padà. Ó yọ ọwọ́, ó bu omi sínú garawa, ó sì relé.

Mojírádé yọjú wo garawa náà. "Bàbá, ẹja dà?"

"Ó wà lódò. Ẹyin kún inú rẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ odò, Bàbá. Ta ló máa mú yín?"

"Kò sí ẹnìkan. Òun gan-an ló jẹ́ kó le."

Mojírádé kọjú sí ògiri, ó sunkún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi lásán ni wọ́n gbé síwájú ọmọ. Akínwùmí dé, ó wo inú àwo, ó wo Ládélé, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn. Wọ́n pe ọmọ ní Àánú. Títí Mojírádé fi padà sí Èkó, kò bá bàbá rẹ̀ sọ ju ohun tó pọn dandan lọ, ó sì dun Ládélé wọra.

Nígbà tí wọ́n jẹ iṣu tuntun, tí òfin sì gbà kí wọ́n tún máa pa àrọ̀, Ládélé dẹ ìgèrè. Àrọ̀ kan péré ló mú, ṣùgbọ́n ó tóbi. Àwọn ará ilé rò pé yóò yan án ránṣẹ́ sí Èkó ni. Ilé Akínwùmí ló gbé e lọ, láàyè nínú garawa.

"Ọmọ tìrẹ ló kọ́kọ́ dé," ni ó wí.

Akínwùmí gbé ọmọọmọ rẹ̀ jáde, wọ́n fi orí ẹja kàn án níwájú orí, ọmọ náà sì figbe ta. Lẹ́yìn náà ni Akínwùmí mú ọ̀bẹ. Ó gé orí ẹja náà, ó fi ewé wé e, ó sì nà án sí Ládélé.

"Yan án dáadáa," ó ní. "Ọ̀nà Èkó jìn."