Ìpara Elégédé Tí Kò Ní Elégédé Nínú

Oṣù October ni wọ́n wà, oòrùn Houston sì ṣì ń jó èèyàn lẹ́yìn ọrùn bíi pé ó ní ìjà kan tó fẹ́ bá a parí. Igi méjèèjì tó wà níwájú ilé Mọ́nsúrátù ní Mission Bend tutù yọ̀yọ̀, ewé kan ò já lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ dé ojúde àwọn aládùúgbò, ẹ ó rí ewé oníke pupa tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀kùn, ẹ ó rí elégédé oníke tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí wọn ò fún lómi mu. Fall, ìgbà ìwọ́wé, ni wọ́n ní ó dé. Mọ́nsúrátù á kọjá lọ sídìí mọ́tò ẹ̀, á yínmú.

"Fall wo?" á ní. "Kí ló ṣubú? Ẹni tó ń làágùn wá ń wọ sweater."

Ọmọ Ṣakí ni Mọ́nsúrátù, ó sì ti lé lọ́dún méjìdínlọ́gbọ̀n tó ti dé Houston. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, kó wẹ̀ wọ́n, kó wọṣọ fún wọn, kó fún wọn lóògùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tó jẹ́ gan-an, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè sínkì ẹ̀. Ike òrí ńlá kan ló wà níbẹ̀, tí àbúrò ẹ̀ máa ń fi ránṣẹ́ láti Ṣakí lọ́dọọdún. Òrí ni ìyá wọn ń ṣe. Láti kékeré ni Mọ́nsúrátù ti mọ bí wọ́n ṣe ń sá èso ẹ̀ sóòrùn, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n á wá bu omi sí i, tí wọ́n á máa fọwọ́ pò ó títí ìfófòó funfun á fi léfòó. Tó bá ti iléèwé dé, apá ẹ̀ ni wọ́n fi ń po òrí. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ń bá a sọ̀rọ̀ ìpara, ojú tí àgbẹ̀ fi ń wo ẹni tó gbin iṣu sínú ìkòkò òdòdó ló fi ń wo onítọ̀hún.

Hanifat, àkọ́bí ẹ̀ tó bí sí Houston níbí, ló bímọ obìnrin nínú oṣù September. Juwairiyyah ni wọ́n sọ ọmọ. Richmond ni Hanifat àti Naheem ọkọ ẹ̀ ń gbé, nínú ilé tuntun kan tí gbogbo ògiri ẹ̀ funfun bíi ti ilé ìwòsàn. Mọ́nsúrátù gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ó ní òun á máa wá wẹ ọmọ láràárọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un pé oyún wà, nǹkan kan ṣoṣo ló ti ń retí: kó tẹ́ ọmọ-ọmọ ẹ̀ sórí itan méjèèjì, kó yọ́ òrí díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kó fi ra á lára, kó nà án lápá, kó nà án lẹ́sẹ̀, bí ìyá tiẹ̀ náà ṣe ṣe fún un.

Wọ́n gbà kó wẹ ọmọ. Ọjọ́ kejì ni message wọlé sórí fóònù ẹ̀: "Mommy pls no ori for Juju."

Mọ́nsúrátù kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ti Juju yẹn nìkan tó ìjà, pé wọ́n mú orúkọ ìyàwó Ànábì, wọ́n sọ ọ́ di oògùn abẹnugọ̀ngọ̀. Àmọ́ èyí tó kù burú jùyẹn lọ. Ó pe Hanifat.

"Kí lo kọ sí mi yìí? Ọmọ tìẹ ni kò ní lórí?"

"Mommy, I just don't want orí on her skin."

"Orí ta ni mo fẹ́ gbé lé e lára?"

"That butter thing. Ó ń rùn, Mommy. Bíi bàtà."

"Òrí lò ń wí. Òrí. Orí lèyí tó wà lọ́rùn ẹ tí o kì í lò yẹn."

Hanifat rẹ́rìn-ín. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, tí wọ́n bá bú u ní Yorùbá, ó máa ń dà bíi pé orin ni wọ́n ń kọ fún un. Ó ní òun ti ní cream. Sister Bùsọ́lá ló ṣe é, all natural, ó sì ń rùn bíi fall. "Tí tiyín bá ń rùn bẹ́ẹ̀," ó ní, "fine, ẹ máa lò ó. Promise."

Bùsọ́lá yìí, Missouri City ló ń gbé, kò tíì pé ogójì ọdún. Lẹ́yìn Jímọ̀, á to ìgò kéékèèké sórí tábìlì lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, á so rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́rùn bí ẹni ń mú ọmọ jáde fún ìsọmọlórúkọ. Pumpkin Spice, ìpara elégédé, ló kọ sí i lára. Àwọn obìnrin á ṣí i, wọ́n á dijú, wọ́n á ní subhanallah. Mọ́nsúrátù gbóòórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní bíi pé wọ́n da ṣúgà sí ilé tó jóná.

Ó mú sùúrù. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ó rí èélá pupa wínníwínní nínú ìṣẹ́po ọrùn ọmọ, níbi tí wọ́n ń fi cream náà pa gan-an. Ó pe Hanifat kó wá wò ó.

"It's heat rash," Hanifat wí.

"Heat wo, nínú ilé tí ẹ ti sọ di fìríìjì? Èmi gan-an ìbọ̀sẹ̀ ni mo wọ̀."

"Mommy, please. It's natural."

"Natural ni ejò náà."

Nígbà tó ń padà sí Mission Bend lọ́jọ́ yẹn, kò tan rédíò. Ó ń rò ó lórí freeway pé tí òun bá ja ìjà yìí, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ òun pátápátá, nítorí Hanifat ti sọ nǹkan kan báyìí nípa daycare. Ó ní ó dáa. Fall ni wọ́n ń fẹ́, fall ni wọ́n máa rí.

Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ra elégédé gidi kan. Ìgbà tí wọ́n ti ní ìpara elégédé, elégédé náà ni kó wọ inú ẹ̀, kí ló tún kù? Ó bẹ ẹ́, ó sè é títí ó fi rọ̀ múlọ́múlọ́, ó gún un, ó yọ́ òrí, ó po méjèèjì pọ̀. Àwọ̀ ẹ̀ dára, ká má purọ́, bíi pupa ẹyin ìbílẹ̀. Ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó gbé e sẹ́bàá fèrèsé.

Moshood ọkọ ẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé, dé, ó tẹ ìka bọ̀ ọ́, ó fẹ́ẹ́ tọ́ ọ lá.

"Ìyá Hanifat, iyọ̀ ń kọ́?"

"Ìpara ni. Ẹ má bà á jẹ́."

"Ìpara. Ó dáa, ẹ tètè fi irú sí i, ká mọ̀ pé ọbẹ̀ ni ẹ fẹ́ fi pa ọmọ ọlọ́mọ lára."

Lọ́jọ́ kẹta, ìpara náà ti bu. Irun funfun hù sí i lórí, ó gùn, ó múlọ́, bí irùngbọ̀n arúgbó. Moshood wò ó, ó ní òun rò pé òrí ló fẹ́ ṣe, òun ò mọ̀ pé orí ni, ó tiẹ̀ ti nírun. Mọ́nsúrátù dà á nù.

Ó wá gbéra, ó di ilé Bùsọ́lá. Ó mú àkàrà díẹ̀ lọ, kó má bàa dà bíi pé amí ló wá ṣe. Bùsọ́lá kúnlẹ̀ kí i, inú ẹ̀ dùn, ó mú un wọ kíṣìnnì. Gbogbo ohun tí Mọ́nsúrátù ti ń fojú inú wò, ìkòkò, asẹ́, ọmọrogùn, kò rí ìkankan níbẹ̀. Bùsọ́lá já ike òrí kan tí ẹ̀rọ ti fọ̀ títí ó fi ṣ'aláìsí, funfun báláú, tí kò ní òórùn kankan, ó sọ ọ́ sínú microwave. Lẹ́yìn náà ó mú ìgò kékeré kan tó rà lórí ayélujára, ó fún un sí i. Gbogbo ilé gba òórùn.

"Elégédé ẹ̀ dà?" Mọ́nsúrátù bi í.

"Aunty, kò sí pumpkin níbẹ̀ o."

"Kò sí elégédé nínú ìpara elégédé?"

"Òórùn lásán ni, mà. Pumpkin gan-an ò tiẹ̀ rùn báyìí. Àwọn èròjà tí wọ́n ń fi sínú oúnjẹ ẹ̀ ni, cinnamon, kànáfùrù, ariwo tí wọ́n ń pè ní nutmeg."

Mọ́nsúrátù rọra jókòó. Ẹ̀fọ́ tí kò sí ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Ìsìnkú tí kò sí òkú. Gbogbo èyí tó fi ń sè, tó fi ń gún, tó fi gbẹ̀fẹ̀ lẹ́nu Moshood, òórùn lásán ni wọ́n ń lé kiri.

"Ṣé ìwọ náà máa ń fi para?" ó bi Bùsọ́lá.

"Rárá o, Aunty. Ó máa ń yún mi."

Mọ́nsúrátù kí i pé ó kú iṣẹ́, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tó délé, ó yọ́ òrí Ṣakí lórí iná tó rọra ń jó, ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kí ìdọ̀tí tó wà nínú ẹ̀ lè lọ, ó jẹ́ kó tutù, ó wá fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kéèkì nà án títí ó fi wú, tó fúyẹ́. Kò fi nǹkan kan sí i. Ó rọ ọ́ sínú ìgò, kò jẹ́ kó kún dé ẹnu. Lẹ́yìn náà ló gbé ìkòkò kékeré mìíràn kaná. Ó da kànáfùrù sí i, ó da igi cinnamon sí i, ó ha ariwo, ó gé èèpo ọsàn, ó fi òróró díẹ̀ sè wọ́n títí ilé fi ń ta sánsán. Ó ti òwú bọ̀ ọ́, ó fún un, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí. Fall wà lókè, òrí wà nísàlẹ̀, wọn ò fojú kan ara wọn.

Láàárọ̀ Saturday, ó gbé e dé Richmond. Hanifat ṣí ìdérí, ó gbé e súnmọ́ imú, ojú ẹ̀ dì lọ́gán.

"Mommy. See. This is what I'm talking about. It smells like fall."

"Àbí."

"What do you call it?"

"Òrí."

"Orí?"

"Òrí. Dò, mí. Tí o bá tún pè é ní orí, mò ń gbé e lọ sílé."

"Ò-rí," Hanifat wí, bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ìdérí yẹn ṣì wà nímú ẹ̀. Ó gbé e dání lọ sí pálọ̀, ó ń gbóòórùn ẹ̀ lọ, kò wẹ̀yìn wo ìgò rárá.

Mọ́nsúrátù jókòó, ó tẹ́ ọmọ sórí itan. Ó bu òrí, ó fi ra àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì títí ó fi yọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ yán, ó na ara fúnra ẹ̀, ó sùn lọ fọnfọn. Bó ṣe ń rùn bíi Ṣakí, ìyá ẹ̀ ò mọ̀. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, ọrùn ẹ̀ ti jọ̀lọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Hanifat pè é.

"Mommy, Sister Bùsọ́lá rí ọrùn Juju. She wants to know what you put in yours."

Mọ́nsúrátù gbé òwú tuntun sínú ìdérí kejì, ó tẹ̀ ẹ́ kó lẹ̀ dáadáa.

"Sọ fún un pé elégédé ni," ó ní. "Elégédé gidi. Kó sè é kó rọ̀, kó gún un dáadáa."