Igi Ọ̀yẹ́ Bàámi

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó dá ẹ̀mí mi sí títí mo fi di ẹni tí àwọn ọmọ ń kúnlẹ̀ kí ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀ fún ara líle, fún ìdáríjì, àti fún òórùn dídùn tó fi sára igi láìjẹ́ pé a bẹ̀ Ẹ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, fúláàtì káńsù, ilé ìjọba, ni à ń gbé ní North Peckham, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọgbà kan tí kò ju yàrá kan lọ wà lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni Bàámi gbin igi kan sí; àgbàlagbà òyìnbó kan níbi iṣẹ́ wọn ló fún wọn ní ẹ̀ka rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì gùn, kò sẹ́ni tó lè pè é nílé wa, ni Bàámi bá sọ ọ́ ní igi ọ̀yẹ́. Nígbà òtútù, tí gbogbo ewé rẹ̀ bá já dànù, tí ẹ ó rò pé ó ti kú, ìgbà náà gan-an ni òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń yọ lára ẹ̀ka tó wà níhòòhò. Òórùn rẹ̀ ńkọ́! Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àfi bíi pé ẹnì kan tó fín lọ́fínńdà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Bàámi á gé ẹ̀ka kékeré kan, wọ́n á fi í sínú ife omi, èmi ni mo sì máa ń gbé ife náà lọ síbi tí a ti ń kírun. Èmi nìkan ni ọmọ inú ilé. Iṣẹ́ mi nìyẹn.

Ìgbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Sister dé. Ọmọ Bàámi ni. Ìyá tó bí i ti kú, ìyá Bàámi ló tọ́ ọ dàgbà ní Ìsẹ́yìn. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, wọ́n sì ní kí n máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, èmi tí mo ti wà nílé kó tó dé! Wọ́n fún un ní ìdajì bẹ́ẹ̀dì mi. Gbogbo ìyẹn mo gbà mọ́ra. Ṣùgbọ́n ó ti bá ìyá àgbà roko, ọwọ́ rẹ̀ mọ ilẹ̀. Kò pẹ́ tí Bàámi fi ń pè é sí ọgbà ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, wọ́n á jọ máa tu koríko, wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ilé tí èmi ò gbọ́ tán. Lọ́jọ́ kan, láti ojú fèrèsé, mo gbọ́ tí Bàámi ní, "Ìwọ ni wàá máa bójú tó igi ọ̀yẹ́ yìí. Tó bá yọ òdòdó, ìwọ ni wàá máa gé e fún mi."

Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já. Sister, tí kò tíì rí ìgbà òtútù níbí rí, ń fọwọ́ pa ẹ̀ka igi náà bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Ó bi mí pé, "Jọ̀ọ́, ṣé igi Bàbá ti ń kú ni?"

Mo mọ ìdáhùn. Mo ní, "Ó ti kú, Sister. Ẹ gé gbogbo ẹ̀ lulẹ̀ kó lè hù padà. Bá a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Àbí ẹ ò mọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ oko ro!"

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ o, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí Bàámi ti ibi iṣẹ́ dé, kùkùté ni wọ́n bá. Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọn ò tíì bọ́ bàtà iṣẹ́. Ìyá mi ló pariwo: "Mo sọ fún yín! Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan. Ẹ dá a padà sọ́dọ̀ màmá yín kó tó dáná sunlé mọ́ wa lórí!" Sister kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ni mo ṣì í ṣe." Kò dárúkọ mi rárá.

Ìyá mi ò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà títí Bàámi fi gbà pé àwọn yóò kọ̀wé sí ìyá àgbà pé Sister ń bọ̀ wálé. Inú mi dùn. Mo ti ń na ẹsẹ̀ dé apá kejì bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kejìlá, a kírun tán láìsí òdòdó kankan níwájú wa. Bàámi ní kí a ké àdúà kékeré tí Alfa kọ́ wa ní ilé kéú, èyí tí a fi ń sá di Ọlọ́run kúrò lọ́wọ́ aburú onílara. Mo ti ké e láìmọye ìgbà, ará ìta kan ni mo sì máa ń rò. Lọ́jọ́ náà, Sister dijú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ké e tọkàntọkàn, ó wá yé mi pé èmi ni onílara tí à ń sá fún. Mo dá àdúà náà dúró ní àárín.

Bàámi ní, "Kí ló dé? O ti gbàgbé ni?"

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ pé yóò yọ òdòdó?"

"Mo mọ̀, Daddy."

Ẹ má rò pé ìlara tán nínú mi lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ Sister ni Bàámi kọ́kọ́ lọ, wọ́n fà á mọ́ra, mo sì tún jowú, bí mo ṣe ń sunkún yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó wá gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọn ò kọ lẹ́tà náà mọ́.

Nígbà tó ku àwa méjèèjì, mo bẹ Sister. Ó ní, "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Mo rí irú igi yẹn lọ́nà ilé ìwé, kò léwé, òdòdó kún ara ẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Ìwọ lọmọ ilé."

Wọ́n ti wó ilé yẹn, wọ́n ti kọ́ tuntun síbẹ̀. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé lónìí, fóònù ni yóò sọ fún un bóyá igi kú tàbí kò kú, àbúrò kankan ò lè tàn án. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n fóònù kan náà ni ọmọ-ọmọ mi fi ń wo aṣọ àti ìrìn àjò àwọn ẹlòmíràn títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Mo mọ ojú yẹn. Nígbà tiwa, ẹni tí mò ń jowú rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì kan la jọ ń sùn. Mo lè nawọ́ kàn án, kí n bẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ọmọ yìí ń jowú, kò rí wọn rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ọ̀rọ̀ mi, kí Ọlọ́run fọ ọkàn yín mọ́, kí ó fi ohun tó jẹ́ tiyín tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹni tí ẹ bá sì ti ṣẹ̀, kí ó pẹ́ láyé tó tí ẹ ó fi rí i bẹ̀. Àmín.