Ẹ́ńjìnnì Tí Wọn Ò Bí Mọ́ Mọ́tò

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí Delbert Hruska àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń jiyàn nílùú Pontiac, ní Michigan, lórí mọ́tò méjì: GTO pupa tó rà ní tuntun lọ́dún 1969, àti Chevelle aláwọ̀ búlúù tó rà lẹ́yìn rẹ̀ kí iyàn lè tán. Iyàn ò tán. Èwo ló yára jù? Kò jẹ́ fi wọ́n sáré, kí GTO má baà bàjẹ́. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí Darlene ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan án.

"Mọ́tò eré kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ," ló máa ń wí, agbéraga ẹ̀dá. Darlene á rẹ́rìn-ín músẹ́, á máa hun súwẹ́tà rẹ̀ lọ.

Darlene ti kú báyìí. Delbert ń kó lọ sílé ọmọ rẹ̀ obìnrin, mọ́tò kan ṣoṣo sì ni gáréèjì ibẹ̀ gbà. Ló bá pe ọkùnrin kan tó mọ mọ́tò àtijọ́ bí ẹni mowó, kó wá sọ èyí tó yẹ kí òun tà. Ọkùnrin náà ka nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì Chevelle, ó bá ti ara mọ́tò mu. Ó dé ìdí GTO, ó nu èérí kúrò, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, nọ́ńbà wọn ò bára mu. Ẹ́ńjìnnì yìí kọ́ ni wọ́n bí mọ́ ọn. Ẹ ta á, ẹ mú Chevelle dání. Àwọn tó ń kó mọ́tò jọ ò ní wo èyí lẹ́ẹ̀mejì."

"Irọ́ ńlá! Èmi ni mo rà á ní tuntun. Ta ló tú u? Iwin?"

Ọ̀rọ̀ náà rú Delbert lójú pátápátá. Ṣé olè ló wọlé ni, àbí orí òun ló ti ń dàrú? Ó pe Gus, àbúrò Darlene, tó ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì títí ó fi darúgbó. Orí fóònù ni Gus ti jẹ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Nígbà tẹ́ ẹ wà lógun Vietnam, Darlene gbé e lọ sí títì Woodward, níbi táwọn èèyàn ti máa ń fi mọ́tò díje, ó fi bá Chevelle kan sáré."

"Darlene wo?"

"Darlene tiyín náà ni! Ó fi Chevelle yẹn sẹ́yìn gan-an. Àmọ́ ó tẹ̀ ẹ́ jù, ẹ́ńjìnnì fọ́. Èmi ni mo wá òmíràn sí i. Ó ní kí n búra pé mi ò ní sọ."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Delbert wọnú GTO, ó jókòó. Inú ń bí i, ẹ̀rín ń pa á, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò mọ èyí tí ì bá ṣe nínú wọn. Gbogbo ọdún tó fi ń jiyàn, ẹni tó mọ èsì wà lórí àga, ó ń hun súwẹ́tà.

"Bàbá, èwo wá ni kí n bá yín tà?" ni ọkùnrin tó ka nọ́ńbà bi í.

"Chevelle," ni Delbert wí. "Ìyàwó mi ti na irú ẹ̀ rí."