Fífọ Ọkọ̀ Kí Kóòtìn Tó Kàn Án

Lọ́dún tí rọpárọsẹ̀ kọ lu ọkọ mi, ọkọ̀ rẹ̀ dúró sójú kan nínú ọgbà ilé wa ní Amukoko, kò sẹ́ni tó wà á. Èmi ò tíì mọ ọkọ̀ wà nígbà náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, apá ọ̀tún rẹ̀ nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀.

Kírénì ló ń wà ní Kirikiri, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi. Ó máa ń sọ fún mi pé ìka lòun fi ń ṣiṣẹ́, pé bí ẹrù bá fẹ́ yí lókè, ọwọ́ òun á ti mọ̀ kí ojú òun tó rí i. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló jí tí kò lè fi ọwọ́ yẹn di bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. Ó wo bọ́tìnnì náà, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì gba ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ jáde.

Mi ò ní sọ ti ọsibítù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ padà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tẹ̀ lé e, apá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ìka rẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Bí mo fi omi gbígbóná kàn án, bí mo fi omi tútù kàn án, bákan náà ni lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ó dà bíi pé mo wọ ìbọ̀wọ́ tí mi ò lè bọ́." Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì tó ń bá a na apá náà ní kó máa fi ìka rẹ̀ kan oríṣiríṣi nǹkan wò: ìrẹsì tútù, aṣọ, kànìnkànìn. Ó ṣe é títí ó fi sú u. Nígbà tó yá, tí àlejò bá ti wọlé, á rọra fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọkọ̀ rẹ̀ ń gba eruku. Ẹni tó bá ń gbé lágbègbè wa mọ eruku yẹn. Èéfín tírélà wà nínú ẹ̀, sìmẹ́ǹtì wà nínú ẹ̀, ìpẹ́ irin tó ń bọ́ lára àwọn kọ̀ǹténà wà nínú ẹ̀. Ọkọ̀ dúdú ni, dúdú tó ń dán bí omi inú kànga, ó wá di aláwọ̀ eérú lójú wa. Àwọn ọmọ inú ọgbà fi ìka ya ẹja àti ilé sí i lára. Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé, mi ò sì ní lè sọ bóyá ọkọ̀ ni mò ń wò ni, tàbí òkúta ńlá kan tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àbúrò ọkọ mi yà sílé wa láti ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ ọkọ̀ dídán ni tirẹ̀. Ó ní ìsọ̀ onípáánù gbọọrọ kan nítòsí Boundary, ibẹ̀ ló ti ń fọ ọkọ̀ tó sì ń mú kó dán. Ó rìn yí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ká, ó mi orí.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n gbé ọkọ̀ yìí lọ. Mo fẹ́ fi kóòtìn sí i fún ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló ń jẹ́ kóòtìn, ọkọ mi?" Ọkọ mi náà ni mò ń pè é, torí mo bá a nílé.

Ó ní omi kan tó wà nínú ìgò kékeré ni. Tí wọ́n bá fi pa ọ̀dà ọkọ̀, á gan, á dà bíi gíláàsì tó fẹ́lẹ́ lórí ẹ̀. Òjò á máa yọ̀ kúrò lára ẹ̀, eruku ò sì ní rí ibi dì mú.

"Àmọ́ fífi sí i kọ́ niṣẹ́," ó ní. "Ìmúra ẹ̀ niṣẹ́. Ohunkóhun tó bá wà lórí ọ̀dà nígbà tí kóòtìn bá gan, abẹ́ ẹ̀ ló máa kú sí. A gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ títí tí kò fi ní sí nǹkan kan lára ẹ̀ mọ́, àfi òun fúnra ẹ̀."

Ohùn ọkọ mi dáhùn láti inú yàrá. A ti rò pé ó sùn.

"Èmi náà á wá."

Àbúrò rẹ̀ wò mí, mo wò ó. Látìgbà tí àìsàn náà ti dé, àfi ṣọ́ọ̀ṣì àti ọsibítù, kò lọ ibì kankan.

Àárọ̀ Sátidé la lọ. Ọyẹ́ ò tíì lọ tán, ìkùukùu funfun ṣì wà lójú títì, ilé àti igi iná wà nínú ẹ̀ bí ohun tí èèyàn ń rántí. Kẹ̀kẹ́ ló gbé wa, àbúrò rẹ̀ ti gbé ọkọ̀ ṣíwájú. Láti ọ̀nà Apapa, ọkọ̀ òkun kan fọn fèrè rẹ̀, ohùn náà wúwo, ó pẹ́ kó tó tán. Ọkọ mi yí orí síbẹ̀.

Nínú ìsọ̀ náà, páánù kan wà lókè tó jẹ́ oníke, ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé ní àwọ̀ ewé. Ilẹ̀ tutù. Gbogbo wa dà bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò. Wọ́n fún ọkọ mi ní àga, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé itan.

Wọ́n kọ́kọ́ da omi sí ọkọ̀ náà lára láìfọwọ́ kàn án, kí iyẹ̀pẹ̀ lè ṣàn lọ kó má baà ha ọ̀dà. Ẹja àti ilé àwọn ọmọ ọgbà wa ṣàn lọ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ, tó hó títí ọkọ̀ fi sọnù nínú ìfófòó. Èmi náà ká aṣọ mi sókè, mo mú fóòmù, mo ń bá wọn fọ̀. Nígbà tí a ṣàn án tán, ó dúdú padà, inú mi dùn, mo ní ó ti parí.

Àbúrò ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ojú yín ló ní ó mọ́. Ẹ dúró ná."

Ó mú omi kan nínú ike, ó fín in sí gbogbo ara ọkọ̀. A dúró. Kò pẹ́, àwọ̀ elésè àlùkò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ọkọ̀ náà. Ó kọ́kọ́ yọ tó-tó-tó bí òógùn, ó wá ń ṣàn wálẹ̀ lára ilẹ̀kùn, ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Mo rò ó nínú ara mi pé mò ń lálàá.

"Irin nìyẹn," àbúrò rẹ̀ ní. "Irin tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti èbúté. Ó ti wọ inú ọ̀dà lọ, omi yìí ló ń fà á jáde."

Ọkọ mi dìde lórí àga. Ó súnmọ́ ọkọ̀ náà, ó ń wo àwọ̀ yẹn bó ṣe ń ṣàn.

"Ti Kirikiri nìyẹn," ó ní jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo gbé e wálé."

Wọ́n ṣan ìyẹn náà kúrò. Ó wá ku ohun tí omi yẹn àti ọṣẹ ò lè mú: oje igi, ọ̀dà títì, àwọn ohun wíwẹ́ tí ojú ò rí. Amọ̀ kan tó rọ̀ bí ẹ̀bà ni wọ́n fi ń yọ ìyẹn, wọ́n á fín omi ọṣẹ sí i, wọ́n á máa fi yọ̀ lórí ọ̀dà títí yóò fi gbá ìdọ̀tí náà mọ́ra. Àbúrò ọkọ mi ní ká mú láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, ká ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ká fi ra ọkọ̀ náà lára. Láílọ́ọ̀nù yẹn, ó ní, ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tí ọwọ́ lásán ò mọ̀.

Mo tì í bọ̀ ọ́, mo ra bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ara mi bù máṣọ. Ohun tó ń dán lójú mi yẹn, ó ń ha bí orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

"Mọ́mì, fún mi ní ọ̀kan," ọkọ mi ní.

Ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́. Ó ra ilẹ̀kùn, ó mi orí, ó yọ ọ́. Àbúrò rẹ̀ ti gun àpótí, ó ń fi amọ̀ nu òrùlé ọkọ̀, kò wò wá. Ọkọ mi wo láílọ́ọ̀nù náà fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó tì í sínú ẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fọ́mọ tó ń sùn, ó sì gbé e lé ara ọkọ̀.

Ó fà á lọ. Ó dúró. Ó dá a padà.

Mo rí ojú rẹ̀ tó yí padà. Mo rò pé àìsàn náà ló tún dé.

"Dádì, kí ló dé?"

"Ó ń ha," ó ní.

"Kí ló ń ha?"

"Ibí yìí." Ohùn rẹ̀ kéré gan-an. "Ibí yìí ń ha. Ibí yìí ò ha."

Mo ti ọwọ́ tèmi síbẹ̀. Òótọ́ ni. Oje igi wà níbi tó ní ó ń ha, ibi kejì sì jọ̀lọ̀ bí àwo, torí amọ̀ ti kọjá níbẹ̀.

Mo fẹ́ pariwo. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Má tíì sọ fún àbúrò mi. Nǹkan yìí lè tún lọ."

Ó sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ kíá, ó lọ jókòó, ó gbé e sáyà bí ẹni gbé ẹyẹ. Mo jókòó tì í. Omi ń kán láti ara ọkọ̀, tó, tó. Àwọn akọrin ń dánrawò ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ìsọ̀, wọ́n ń kọ ìlà kan náà léraléra, kò tíì wọ̀ létí wọn. Ọkọ mi pajú dé. Ó tún là á, ó dìde, ó padà sídìí ilẹ̀kùn náà.

"Ó ṣì wà," ó ní.

Ìgbà yẹn ni mi ò lè mú un mọ́ra. Àbúrò rẹ̀ gbọ́ ẹkún mi, ó fò wálẹ̀ lórí àpótí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó rẹ̀ yín ni?"

"Àbúrò, mú mi lọ sẹ́yìn ọkọ̀," ọkọ mi ní. "Mo máa pajú dé. Gbé ọwọ́ mi síbi tó bá wù ọ́."

Ó gbé e sórí búùtù. "Ó ń ha," ọkọ mi ní. Ó gbé e síbi tó ti fi amọ̀ nù. "Ó jọ̀lọ̀." Ó gbé e sétí iná ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀dà títì lẹ̀ mọ́. Ọkọ mi fún ojú pọ̀. "Kí lèyí? Nǹkan kan dì síbí." Àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ra nínú omi ọṣẹ, ó ń pe Ọlọ́run.

Látìgbà yẹn lọ, ọkọ mi ló ń darí wa. Ibi tí a bá fi amọ̀ nù, á tẹ̀ lé wa pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù rẹ̀. "Ẹ padà síbí." "Ó kù díẹ̀." Àárẹ̀ á mú un, á jókòó, á tún dìde. Nígbà tí ọkọ̀ náà jọ̀lọ̀ yíká, àbúrò rẹ̀ lẹ téèpù mọ́ etí àwọn rọ́bà, ó tan ẹ̀rọ tó ń mú ọ̀dà dán, ó fi pa àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó ha sára ọ̀dà rẹ́, èyí tó rí roboto bí òwú aláǹtakùn lábẹ́ iná. Ohùn ẹ̀rọ náà ń kùn, ó ń kùn, oorun gbé mi lọ níbi tí mo jókòó sí. Mo lálàá pé mò ń fọ odò, pé mò ń ká omi rẹ̀ sókè bí aṣọ, tí mo sì rí ilẹ̀ funfun lábẹ́ ẹ̀.

Nígbà tí mo jí, wọ́n ń fi sípíríìtì bíi ti ọsibítù nu ọ̀dà náà kí òróró kankan má ṣẹ́ kù. Òórùn rẹ̀ ló jí mi. Ọkọ̀ náà dúró láàárín ìsọ̀, kò ní nǹkan kan lára. Mo rí ara mi nínú ilẹ̀kùn rẹ̀, àti ọkọ mi lẹ́yìn mi, àti páánù aláwọ̀ ewé lórí wa.

Àbúrò rẹ̀ da kóòtìn sórí aṣọ kékeré kan, ó ń fi pa á, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Bó bá ti kàn án, àwọ̀ òṣùmàrè á tàn lójú ibẹ̀, á sì tún kú. Tó bá ti ń kú, wọ́n á nù ún jẹ́jẹ́. Ọkọ mi bèèrè bóyá òun lè nu ibì kan. Àbúrò rẹ̀ fún un ní táwẹ́lì. Ó nu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ fúnra rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

Omi ò gbọdọ̀ kan kóòtìn títí yóò fi gan, nítorí náà a fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí a jáde sójú títì. Mo fẹ́ pe kẹ̀kẹ́, ó ní ká rìn díẹ̀ ná. Gbogbo Boundary ń pariwo, àwọn èèyàn ń pe èrò, wọ́n ń ta ata, wọ́n ń jà lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí. A rìn láàárín wọn jẹ́jẹ́.

Ìka náà ò padà tán lọ́jọ́ kan. Nọ́ọ̀sì ní ó ti ń bọ̀ tipẹ́, a ò kàn mọ̀ ni. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì máa ń kú bí òtútù bá mú, kò sì padà sórí kírénì. Wọ́n fún un níṣẹ́ ìjókòó níbẹ̀, ó ń darí àwọn tó ń wà á. Èmi náà ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Mo ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, àwọn ọkọ̀ ẹrù á máa ku eruku lù wá, òjò kékeré á sì fọ̀ ọ́ lọ.

Àmọ́ nírọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, nígbà tí a dé ibi tí gọ́tà ti gba títì kọjá, tí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí ẹ̀, mo na ọwọ́ sí i kí n lè dì í mú. Apá ọ̀tún rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ọwọ́ ẹ gbóná," ó ní.

A sì kọjá.