Mùjídátù àti Àfonífojì Tí Ọmọ Rẹ̀ Ń Gbé

Ọmọ bíbí Àtàn-Ọ̀tà ni Mùjídátù. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló ti dàgbà, ibi tí èèyàn ti lè dúró létí oko kó rí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Fúnkẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣì kéré. Òun nìkan ló dá ọmọ náà tọ́, iṣẹ́ dídi bisikíìtì sínú páálí ní iléeṣẹ́ kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà ló sì fi rán an níwèé. Nígbà tí Fúnkẹ́mi kàwé jáde, ó rí iṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní ilẹ̀ Switsalandì, nínú àfonífojì kan láàárín àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Áàpùsì.

Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń kọ́ nípa àfonífojì yẹn. Ọmọ a fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ìyá a sì máa gbọ́ ọ nínú mọ́tò bó bá ń lọ síbi iṣẹ́.

“Màámi, bí ọ̀nà tóóró láàárín ògiri méjì ló rí, àwọn ògiri náà wá ga kan ojú ọ̀run. Bí ìgbà òtútù bá dé, a kì í rí oòrùn. Ẹ̀yìn òkè ló ń gbà kọjá. Odò ibẹ̀ funfun bí omi ògì, torí pé yìnyín ńlá tó wà lókè ń lọ òkúta kúnná sínú ẹ̀.”

Ó sọ ìtàn ibẹ̀ fún un pẹ̀lú. Ìbaaka ni wọ́n fi ń ru iyọ̀ gba orí òkè kọjá láyé àtijọ́. Òjò dídì ti ya látòkè bo abúlé tí Fúnkẹ́mi ń gbé rí, ìyẹn ni wọ́n ṣe fòfin de gígé igi nínú igbó tó wà lókè ilé wọn, kí igi ibẹ̀ lè máa dá òjò dídì dúró. Ìṣẹ́ tún bá wọn fínra nígbà kan débi pé wọ́n ń rán ọmọ kékeré gba orí òkè lọ máa da ẹran fún olóko ní ìlú onílùú. Ìyá ìyá Màdáámù Rose, obìnrin àgbà tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà, wà lára àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

“Àwọn òyìnbó náà ti ta ọmọ nù sájò bẹ́ẹ̀ rí?” Mùjídátù mí kanlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wá gba oorun lójú rẹ̀ ni èyí tí Fúnkẹ́mi sọ gbẹ̀yìn: yìnyín orí òkè ti ń yọ́, òkúta sì ti ń já bọ́ lọ́sàn-án gangan, a máa dún bí ìgbà tí típà bá ń da òkúta sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe jáde níbi iṣẹ́ lọ jẹun, Lucy tí wọ́n jọ ń dúró sídìí ẹ̀rọ kan náà mú fóònù wá bá a.

“Ìyá Fúnkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáyà. Ṣé Switsalandì ni ẹ ní Fúnkẹ́mi wà?”

“Kí ló ṣe é?”

Fídíò ni. Òkè kan là sí méjì, yìnyín, òkúta àti ẹrẹ̀ ya wálẹ̀, eruku bolẹ̀. Nígbà tó máa ṣí, igbó ti dùbúlẹ̀, kò sí ilé mọ́. Omi funfun kan wá kọlu òkìtì náà, kò rọ́nà gbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kún sẹ́yìn.

“Odò wọn nìyẹn,” Mùjídátù wí.

“Òkè pọ̀ níbẹ̀, ìyá. Ó lè má jẹ́ tiwọn.”

Ó pe Fúnkẹ́mi. Kò wọlé. Ó tún pè é. Ọ̀gá wọn ní kó máa lọ sílé, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ lọ ṣe nílé tó dá páropáro? Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì iléeṣẹ́, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Bí tírélà bá kọjá tí ilẹ̀ mì, àyà rẹ̀ a já pà.

Nọ́ńbà àjèjì kan ló pè é nígbà tí oòrùn rọlẹ̀.

“Màámi!”

“Fúnkẹ́mi? Ìwọ ni? Ibo lo wà?”

“Mo wà láàyè. Wọ́n ti kó gbogbo wa kúrò kí òkè tó ya. Ìkánjú ni mo fi jáde, mo gbàgbé fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Hẹlikọ́pítà ni wọ́n fi gbé àwọn màlúù pàápàá.”

“Màlúù!” Ẹ̀rín àti ẹkún jọ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Abúlé yín ńkọ́?”

“Ó ti lọ, Màámi. Ìlú tó wà nísàlẹ̀ la wà báyìí.”

“Ìsàlẹ̀ kẹ̀? Omi tó ń kún yẹn, ìsàlẹ̀ kọ́ ló máa gbà bó bá já? Máa bọ̀ nílé!”

“Wọ́n ń ṣọ́ omi náà. Màdáámù Rose ò lọ́mọ, ilé ẹ̀ ti rì. Mi ò lè fi í sílẹ̀ báyìí.”

“Ta ni yóò wá dúró tì mí?”

Fúnkẹ́mi na fóònù sí Màdáámù Rose. Ohùn arúgbó náà ló wá bọ́ sórí fóònù. Mùjídátù kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹkún. Ìbínú rẹ̀ wọmi. “Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá,” ó ń wí ṣáá. “Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tù yín nínú.”

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, omi náà la ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ láàárín òkìtì, kò pa ìlú ìsàlẹ̀ lára. Fúnkẹ́mi ti rí iṣẹ́ sí ilé búrẹ́dì kan níbẹ̀, inú ilé kan náà lòun àti Màdáámù Rose sì ń gbé. Ó ní òun ń bọ̀ wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ ìyá òun. Mùjídátù ti kun yàrá ọmọ náà lọ́dà, ó ti ra kọ́tìnì tuntun, ṣùgbọ́n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, Lucy pàápàá, pé ọmọ òun ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà á láti sọ ọ́ síta, kí nǹkan míì má lọ ṣẹlẹ̀ kó tó dé.