Igi Irú Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

Bí mo bá ti gbóòórùn gásóìlì lórí ewé tútù, ọ̀sán tí katapílà wọ oko wa lọ́nà odò Òkpárá ni mo máa ń rí.

Wọ́n ń tú ilẹ̀ fún ìrèké ilé iṣẹ́ ṣúgà tuntun. Ọkùnrin tí ìjọba rán láti wo ohun tí ẹ̀rọ náà máa bà jẹ́, kí wọ́n lè san owó rẹ̀ fólóhun, dúró lábẹ́ igi irú.

"Kàmáràdì," bí ìjọba ṣe ní kí gbogbo èèyàn máa pe ara wọn nígbà náà, "ta ló gbin èyí?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń gbin igi irú? Ọlọ́run ni."

"Kò lólóhun nìyẹn. A ò ba nǹkan ẹnì kankan jẹ́." Ó juwọ́ sí awakọ̀.

Katapílà kọ lu igi náà, gbòǹgbò rẹ̀ tú síta bí ìfun ẹran. Ìyá mi gbé ọmọ odó sáré, ó fi fọ́ gíláàsì ẹ̀rọ. Sójà kan fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu. Eyín rẹ̀ bọ́ sáàárín èso irú tó fọ́ nílẹ̀. Ó ń sunkún, mo rò pé nítorí eyín ni.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọkùnrin ló ń ní ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, igi tẹ́nikẹ́ni ò gbìn sì ni oko àwọn ìyá wa.

Ìyá mi tutọ́ ẹ̀jẹ̀. Bàbá mi ló kọjú sí, kì í ṣe sójà.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ẹni tó ń ká a?"