Ìwé Ìlera Tí Mo Fi Ìkíni Kọ

Òórùn tínà dùn. Mi ò tíì rí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lẹ́nu mi, nítorí àwọn ènìyàn rò pé ohun tó bá máa pa ni gbọ́dọ̀ rùn. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní àdúgbò PK8, lójú títì tó gba ìlà oòrùn jáde kúrò ní Douala, nílẹ̀ Kamẹrúùnù. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fa òórùn náà símú, ó dùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé mo ti débi iṣẹ́ gidi. Ọ̀dà ilé àti ọ̀dà irin ni wọ́n ń pò níbẹ̀, pẹ̀lú tínà tí wọ́n fi ń là á. Àgbá ńláńlá ni tínà náà ń bá wá, àwa òṣìṣẹ́ a sì máa rọ ọ́ sínú ike kéékèèké fún títà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, orí fọ́ mi débi pé mo bì lẹ́yìn ilé. Mo rò pé ebi ni.

Ẹ̀gbọ́n ló mú mi débẹ̀. A kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ọmọ Ìwó lèmi, ṣùgbọ́n ta ní ń béèrè ìyẹn nílẹ̀ òkèèrè? Ọjọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpò kan àti nọ́ńbà tẹlifóònù tí kò lọ mọ́, Ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó wọn ló gbà mí sílé. Pálọ̀ wọn ni mo sùn fún ọdún méjì ó lé. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń dúró ti àgbá nílé iṣẹ́. Wọ́n á ki rọ́bà bọ inú àgbá, wọ́n á fi ẹnu fà á kí tínà lè máa dà sínú ike. Bí ó bá dé ẹnu wọn, wọ́n á tu ú dànù, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín pé ọtí táwọn àáfà ò kà léèwọ̀ nìyí, Ẹ̀gbọ́n tí ọtí kò kan ẹnu wọn rí láyé. Gbogbo wa a bá wọn rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹrin tí mo débẹ̀ ni oníbàárà ńlá kan láti òkè òkun ní òun máa ra ọ̀dà lọ́wọ́ ọ̀gá wa, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ rí ìwé kọ́kọ́: ìwé tó ń fi hàn pé wọn ò fi kẹ́míkà pa àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó lè kọ Faransé tó ṣeé kà. Mo ti gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Kùtọnu fún ọdún mẹ́rin, mo sì lọ sílé ìwé níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe yọ mí kúrò nídìí ike fífọ̀ nìyẹn, tí wọ́n gbé mi jókòó sídìí tábìlì lábẹ́ fáànù. Ẹ ò rí mi lọ́jọ́ náà! Mo ra bíró mẹ́ta, mo ra rúlà, mo sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ìwé mẹ́ta ló wà níkàáwọ́ mi. Àkọ́kọ́ ni ìwé tó ń bá àgbá wá, tó ń ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tó lè ṣe fún ara. Ojú ewé mẹ́rìndínlógún ni, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Iṣẹ́ tèmi ni láti kà á, kí n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Mo fi í sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, mo gbé e kọ́ sára ògiri, mo tún ìṣó rẹ̀ gbá kó má baà wọ́. Mi ò kà á. Èkejì ni ìwé ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Ẹ̀kẹta ni ìwé ìlera, oṣooṣù ni mo sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀: ṣé orí ń fọ́ ọ, ṣé òòyì ń kọ́ ọ, ṣé ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní eyín tàbí nímú rẹ, ṣé ó ń rẹ̀ ọ́ láìnídìí, àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí èyíkéyìí, màá kọ R.A.S., lẹ́tà mẹ́ta táwọn Faransé fi ń sọ pé kò sí ohun tó yẹ ká ròyìn. Òṣìṣẹ́ á wá fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

Bí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ ọmọ Kamẹrúùnù, màá ka ìbéèrè náà sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tiwa ńkọ́? Báwo ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe máa dúró lójú àgbà, táá máa bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀? Ṣé èpè ni mo fẹ́ ṣẹ́ ni? Ohun tí mo ń ṣe ni pé màá gbé fáìlì sábẹ́ apá, màá kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ara ńkọ́?”

“A dúpẹ́, àbúrò. Ara le, Àlùhámúdùlílàhì.”

Màá dìde, màá kọ R.A.S. gàdàgbà. Ẹ̀gbọ́n á nu ọwọ́ wọn sára ṣòkòtò, wọ́n á fi lẹ́tà Lárúbáwá tí wọ́n kọ́ nílé kéwú kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rán aṣọ. Mo fẹ́ràn láti máa wo ọwọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Mo sì máa ń yin ara mi pé mo mọ béèyàn ṣe ń fi ọ̀wọ̀ ṣe iṣẹ́ òyìnbó. Àwọn àgbà ní gbogbo aláǹgbá ló da inú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo mọ òwe náà láti kékeré. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé èmi ni wọ́n ń sanwó fún kí n máa béèrè lọ́wọ́ aláǹgbá.

Ọmọkùnrin kan wà nínú wa, ọmọ Bamiléké, ẹ̀yà kan ní Kamẹrúùnù, tó ń bá Ẹ̀gbọ́n rọ tínà. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo ka ìbéèrè sí i létí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, orí ń fọ́ òun, ẹ̀jẹ̀ sì ti dà nímú òun lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wí. Ọ̀gá kùn, ó kùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù oníbàárà òkè òkun ń bà á, ó ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì gbé e lọ sídìí páálí níbi tí kò sí tínà. Kó tó tó oṣù mẹ́ta, ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá. Mo rí gbogbo èyí lójú mi méjèèjì. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára pákò tí Ẹ̀gbọ́n fi rin ẹnu lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní pákò ló gún wọn. Nígbà tí oṣù parí, mo kúnlẹ̀, mo ní ara ńkọ́, wọ́n ní a dúpẹ́, mo sì kọ R.A.S.

Ẹ̀yìn ọdún kejì ni Ẹ̀gbọ́n ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá. A kọ́kọ́ rò pé ibà ni. Dókítà ní mùdùnmúdùn inú eegun wọn kò ṣe ẹ̀jẹ̀ tó dáa mọ́, ó sì béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tó gbọ́, ó mi orí. Láti ìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n ń fà sí wọn lára kí wọ́n tó lè dìde. Ìyàwó wọn gba ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní bó bá hàn pé iṣẹ́ ló fa àìsàn náà, ọrùn ilé iṣẹ́ ni ìtọ́jú máa wà títí dé òpin. Bí kò bá hàn, kí olúkúlùkù máa gbé àìsàn tirẹ̀. Gbogbo ohun tí Ẹ̀gbọ́n ní láyé rọ̀ sórí ìwé tí mo kọ.

Lọ́jọ́ tí inspẹ́kítọ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba náà máa wá, mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kí wọ́n pè mí wọlé. Nítorí pé mi ò rí nǹkan fi ojú ṣe, mo yọ ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ sára ògiri kúrò nínú ọ̀rá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ojú ewé kẹrin ló wà: pé ohun tó wà nínú àgbá náà ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, pé ó ń wọ inú eegun, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu fà á. Ọdún méjì ló ti wà níbẹ̀ tó ń dán nínú ọ̀rá. Wọ́n pè mí wọlé.

Nínú ọ́fíìsì, ọ̀gá ti to gbogbo ìwé sórí tábìlì, wọ́n sì ti pe Ẹ̀gbọ́n náà wá síbẹ̀. Ó fi ti ọmọkùnrin Bamiléké han inspẹ́kítọ̀. Ó ní ẹ wò ó, ẹni tó fẹjọ́ sùn, a tọ́jú rẹ̀. Ó wá tú ti Ẹ̀gbọ́n kalẹ̀, oṣù lórí oṣù, R.A.S., R.A.S., pẹ̀lú orúkọ wọn ní lẹ́tà Lárúbáwá nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní eléyìí kò sọ nǹkan kan fún wa rí. Inspẹ́kítọ̀ yíjú sí mi, ó ní ṣé mo bi ọkùnrin yìí ní ìbéèrè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lóṣooṣù?

“Oui, monsieur,” ni mo wí.

Irọ́ ni. Ó yíjú sí Ẹ̀gbọ́n, ó ní ṣé òótọ́ ni ọmọbìnrin yìí ń sọ. Wọ́n jókòó sórí àga pẹ̀lú súwẹ́tà nínú ooru Douala. Wọ́n wò mí. Bí wọ́n bá ní mi ò bi àwọn ní nǹkan kan, ìwé náà di yẹ̀yẹ́, wọ́n á gba ẹ̀tọ́ wọn, èmi ni wọ́n á sì fà lé agbófinró lọ́wọ́ pé mo kọ ìwé èké, èmi tí mi ò ní ìwé ìgbélùú kankan. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Oga, the girl no lie,” ni Ẹ̀gbọ́n wí. “Every month she dey ask me. Na me tell am say body dey fine.”

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ. Kí n ní monsieur, ìkíni ni, nílé wa ẹni tó ń kú lọ náà máa ń ní a dúpẹ́. Mo ti tò ó ní Faransé nínú orí mi, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo wo fáànù, mo wo tábìlì mi láti ojú fèrèsé. Inspẹ́kítọ̀ pa fáìlì dé, ó ní kò hàn pé iṣẹ́ ló fa àìsàn náà.

Nígbà tí mo délé, mo kúnlẹ̀ níwájú Ẹ̀gbọ́n, mo ń sunkún. Wọ́n ní, “Dìde, àbúrò. Èèyàn méjì ò gbọdọ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí lọ.” Ìyàwó wọn kò ní kí n dìde. Wọ́n ní, “Ìwọ tó o máa ń bá mi fọ aṣọ ìrọ̀rí wọn, ẹ̀jẹ̀ kí lo rò pé ó wà lára rẹ̀?” Mo kó ẹrù mi lọ́jọ́ kejì. Ilé iṣẹ́ náà, mi ò kúrò níbẹ̀ títí oṣù mẹ́fà fi kọjá, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mìíràn mọ́ ti àkọ́kọ́.

Lónìí, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò Bonamoussadi, ní Douala níbí, tí mo ti ń tẹ ìwé, tí mo sì ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ẹni tó bá mú fọ́ọ̀mù wá pé kí n bá òun kọ ọ́, àgbà ni o, ọmọdé ni o, màá fi í jókòó, màá bi í ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà wa kan ti ń sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń pè wọ́n, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sì ń ní a dúpẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo mú fọ́ọ̀mù ìwé ìlera òfìfo kan tó ṣẹ́ kù sínú ẹrù mi, mo kọ orúkọ wọn sókè, mo tẹ̀ wọ́n láago. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kí yín lónìí. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan mẹ́jọ.” Wọ́n ní kí n máa béèrè. Orí ńkọ́? Ó ń fọ́ wọn láti ọdún àkọ́kọ́. Òòyì ńkọ́? Nídìí àgbá, láràárọ̀. Eyín? Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu wọn lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀ kan, wọ́n sì gbé e mì kí èmi àti ìyàwó wọn má baà rí i. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a parí, wọ́n béèrè ta ni mo fẹ́ fún. Mo ní mi ò mọ̀.

Wọ́n ní, “Kò burú. Bó o bá ń bọ̀ nílé, mú un dání, kí n wá fọwọ́ sí i.”

Mo dá ìrìn àjò náà sí Iléyá. Ẹ̀gbọ́n kò dúró dé Iléyá. Ìwé náà wà nínú dúrọ́wà mi, nínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, ìdáhùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì pé nínú rẹ̀. Ibi ìfọwọ́sí nìkan ló ṣófo.